Nítorí Kí Kelmont Lè Fìdí Rẹmi

Bí ẹ bá ti kórìíra ẹgbẹ́ eléré kan rí débi pé ìṣubú wọn dùn mọ́ yín ju ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ tiyín lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ka èyí. Garth Wasylenko fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bo òun láṣìírí rárá, kí n má sì bá òun bẹ ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ ni Garth. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó àlìkámà láti oko lọ sí ibùdó rélùwéè ló ń wà, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tarrow, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, ní àríwá Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Marlys ni ìyàwó rẹ̀. Garth àti Noreen, arábìnrin rẹ̀, ni ìyá wọn bí ní ìbejì. Kelmont, ìlú tó múlé ti Tarrow, ni Noreen sì lọ́kọ sí.

Kelmont! Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́ ní Tarrow, ẹ má dárúkọ yẹn, oúnjẹ á korò lẹ́nu yín.

Họ́kì orí yìnyín ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí wọ́n ń wọ bàtà onírin sáré lórí yìnyín, tí wọ́n ń fi igi gbá rọ́bà pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Bí òtútù bá ti dé, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àgbà àti ọmọdé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Kelmont àti Tarrow pàdé nínú ìdíje ìparí sáà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló ń lọ síwájú, ẹnìkejì á gba ilé lọ. Kelmont na Tarrow lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra. Tarrow ò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Wọ́n gbá wọn mọ́lẹ̀" ni wọ́n ń pe irú ìyẹn níbẹ̀, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀.

Ká ní wọ́n mọ níbẹ̀ ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ọ̀wọ́ ọkọ̀ láti Kelmont wọ ìgboro Tarrow, wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù, oníkálukú wọn gbé ìgbálẹ̀ dání. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Wọ́n gbá iwájú báńkì. Wọ́n gbá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbá iwájú báà, ilé ọtí Duane.

"Ẹ̀yin ará Tarrow, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè o! Ìdọ̀tí là ń kó!"

Ta ni Garth sì rí lójúde tirẹ̀? Lyle, ọkọ Noreen. Ó gbá àtẹ̀gùn ilé Garth láti òkè délẹ̀, ó wá tẹrí ba bí ọmọ ọ̀dọ̀.

"Àna mi, ó ti mọ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbá a."

Garth pa ilẹ̀kùn dé gbàá. Látìgbà yẹn ni nǹkan kan ti di sí i láyà bí eegun ẹja.

Esterby, ìlú mìíràn, ni Kelmont tún máa bá pàdé. Kò sẹ́ni tó ka Esterby sí nǹkan kan rí ní Tarrow, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Duane ti gbé àsíá Esterby kọ́ sójú fèrèsé, àwọn àgbà ọkùnrin sì ti ń wọ ẹ̀wù Esterby káàkiri.

"Duane, ìgbà wo lo di ọmọ Esterby?"

"Ẹni tó bá lè na Kelmont ni bàbá tó bí mi lọ́mọ."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Kelmont ní aṣọ́lé kan. Jarrett Lavallee lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ gbọọrọ tí kì í sọ̀rọ̀. "Ògiri" ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ò tó nǹkan. Ọ̀nà jíjìn, ní àríwá, ni àwọn òbí ẹ̀ wà. Ilé onílé ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ sí títí sáà á fi parí, ilé Noreen sì ni Jarrett wọ̀ sí.

Ọlọ́run ò fún Noreen àti Lyle lọ́mọ. Àwọn ọmọ eléré tó ń wọ̀ sílé wọn lọ́dọọdún ni ọmọ tí wọ́n ní. Noreen ló ń dáná fún Jarrett, òun ló ń fọ aṣọ ẹ̀, òun ló ń jí i. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, "ọmọ mi" ló ń wí.

Kelmont borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Esterby lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ku ìṣẹ́gun kan ṣoṣo kí Kelmont lé Esterby lọ. Lọ́jọ́rú, Noreen pe Garth lórí fóònù.

"Garth, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti kú. Lyle ò sí nílé. Òtútù fẹ́ pa wá."

"Ṣé ọkọ ẹ ò lè fi ìgbálẹ̀ tún un ṣe ni?"

"Garth, jọ̀ọ́. Má bá mi ṣeré."

Ó lọ. Bó ti wù kí inú bí i tó, Noreen ni Noreen.

Yàrá abẹ́ ilé ni ẹ̀rọ náà wà. Bí Garth ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó bá Jarrett nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà fẹ̀yìn lélẹ̀, àpò yìnyín wà ní ìgbáròkó òsì ẹ̀, ó sì fi eyín di tówẹ̀lì kí igbe má baà jáde. Nígbà tó rí Garth, ó gbìyànjú àtidìde. Ẹsẹ̀ kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan kan o."

Noreen ti wà lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn Garth. Ó fà á lápá wọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Inú oríkèé ìgbáròkó ẹ̀ ló ń ya. Dókítà kan tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ní kó sinmi. Kóòṣì ò mọ̀. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ mú un, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀, wọ́n ń wá wò ó títí ìdíje á fi parí. Bó bá lọ jókòó báyìí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú."

"O wá jẹ́ kó máa ṣeré lọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń sunkún bẹ̀ mí lójoojúmọ́, Garth. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó nu ojú ẹ̀. "Bí àwọn Esterby bá mọ̀ pé kò lè yára sí òsì, ibẹ̀ ni wọ́n máa dojú gbogbo ẹ̀ kọ. Wọ́n á ṣe é léṣe. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Lyle gan-an ò mọ̀."

"Ta ni mo fẹ́ wá sọ fún?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ní báà."

"Noreen! Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ó tún ẹ̀rọ ṣe. Noreen di pẹrógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú ẹ̀, sínú abọ́ fún un kó gbé e fún Marlys. Ó wakọ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà náà. Òsì. Òsì.

Kò sọ fún Marlys pàápàá. Ó fẹ́ pa á mọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ọjọ́ kejì ló yà ní báà Duane lẹ́yìn iṣẹ́, ó ní kóun mu bíà kan péré kóun tó lọ jẹun. Mitch Kowalchuk ló kọ́kọ́ rí i. Mẹkáníìkì ni Mitch, wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni, ẹnu ẹ̀ ò sì ní ìjánu.

"Ẹ wò ó! Ìdajì Kelmont ti dé!"

"Mitch, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ṣé kì í ṣe oúnjẹ arábìnrin ẹ ni Ògiri ń jẹ tó fi ń ga sí i? Ṣé ìwọ kọ́ lo lọ tún ẹ̀rọ ṣe lánàá kí òtútù má mú ọmọ ọba?"

Gbogbo báà rẹ́rìn-ín. Duane fi aṣọ nu kóńtà, ó dá sí i.

"Lyle gbá àtẹ̀gùn ẹ, ìwọ lọ mú ilé ẹ̀ gbóná. Ọkùnrin mẹ́ta ni ẹ́, Garth!"

"Lọ́la, bí Kelmont bá borí," ni Mitch wí, "tí wọ́n bá tún kó ìgbálẹ̀ dé, kó o ṣáà ti bá wọn gbé korobá dání. Ará ilé kan náà ṣáà ni yín."

Etí Garth gbóná. Ó lè dìde nígbà yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú ẹ̀, oúnjẹ Marlys sì wà lórí iná. Kò dìde. Ohun kan ń rìn ín láhọ́n, ó ń rìn ín láhọ́n ṣáá, àfi bí ẹni tó fẹ́ sín.

"Ògiri yẹn ti sán," ló wí.

Mitch yíjú. "Kí lo wí?"

"Mi ò wí nǹkan kan."

Mitch mọ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ra bíà mìíràn fún un, ohùn ẹ̀ sì rọ̀ bí òwú.

"Ọkùnrin mi, èmi nìyí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ohun tí Garth fúnra ẹ̀ wí fún Noreen ní àná gan-an nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ó tẹ orí ba.

"Nísàlẹ̀, lápá òsì ẹ̀. Kí wọ́n máa mú un wólẹ̀, kó máa dìde. Ìgbáròkó ni. Kò lè pẹ́ kó tó daṣẹ́ sílẹ̀."

Mitch yọ fóònù, ó bọ́ síta. Garth ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ òsì ara ẹ̀ láti júwe. Rusty, àbúrò ìyàwó Mitch, ni igbákejì kóòṣì ní Esterby. Gbogbo Tarrow ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Garth náà mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Esterby na Kelmont mọ́lé: mẹ́rin sí ẹyọ kan. Nísàlẹ̀, lápá òsì, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà wọlé. Wọ́n ti wá dọ́gba, eré ìkẹyìn ló kù, ní Esterby, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Báà ń mì tìtì. Mitch kọjá lẹ́yìn Garth, ó gbá a léjìká.

"Àgbà ọ̀jẹ̀!"

Ó dùn mọ́ Garth. Mi ò ní purọ́ fún yín, òun náà ò purọ́ fún mi. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Noreen pè.

"Garth, ẹnì kan ti sọ fún wọn."

"Wọ́n lójú, Noreen. Ẹni tó bá ń wo eré dáadáa á rí i."

"Kóòṣì tiẹ̀ ń rí ọmọ yẹn lójoojúmọ́, kò rí i."

"Ṣé èmi lò ń fẹ̀sùn kàn ni?"

"Rárá o. Má bínú. Mi ò sùn dáadáa ni."

"Má bínú" yẹn gún Garth ju èébú lọ. Ó di fóònù mú pinpin.

"Fi ọmọ yẹn sílé lọ́la, Noreen."

"O mọ̀ pé kò ní gbà."

"Sọ fún kóòṣì nígbà náà."

"Kó wá jẹ́ èmi ni mo ba ayé ẹ̀ jẹ́? Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti fara dà?"

Ọ̀rọ̀ kan ló kù kí Garth sọ. *Wọ́n mọ̀, torí mo sọ fún wọn.* Bó bá sọ ọ́, ọmọ náà ò ní wọ pápá. Ó dá a mọ̀ dájú. Ó ní, "Ó dáa, bá mi kí i," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ya báà Duane, tọkọtaya, tàgbà tèwe. Marlys bá ọkọ ẹ̀ wá. Kelmont ló kọ́kọ́ wà níwájú, méjì sí ẹyọ kan, Jarrett ń dènà gbogbo ẹ̀ bí ẹni tó ń bínú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá lọ sílẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó dìde, ojú ẹ̀ sì ń funfun nínú akoto onírin yẹn.

"Ẹ wo bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀!" ni Mitch ń kígbe. "Àgbà arọ! Ẹ fún un lọ́pàá!"

"Ẹ gbé e lọ bá Noreen kó fún un lọ́mú!"

Ó kù díẹ̀ kí abala kejì nínú mẹ́ta parí nígbà tí rọ́bà tún gba òsì wá. Jarrett nà gbọọrọ, ó fi ẹsẹ̀ dí i. Ọmọ Esterby kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn ń sáré bọ̀. Ó ráyè yà. Kò yà. Orúnkún ẹ̀ wọ ìgbáròkó ọmọ náà bí òòlù.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹnu Jarrett là sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò dìde mọ́.

Báà bú sígbe ayọ̀. Àwọn kan gun àga. Bíà ń fò káàkiri. "Ògiri ti wó! Ògiri ti wó!" ni wọ́n ń kọ bí orin, wọ́n ń fi ìgò lu tábìlì. Lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fa ọmọ náà sórí pákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ó ń fọwọ́ wá nǹkan tó máa dì mú, kò rí.

Garth gbọ́ ariwo àtẹ́wọ́ kan nítòsí etí ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Àtẹ́wọ́ tiẹ̀ ni.

Marlys ń wò ó. "Garth, ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn."

"Kelmont ni," ló dá a lóhùn.

Marlys mú kóòtù ẹ̀, ó sì bọ́ síta.

Ọmọdé kan tó ń gbọ̀n ni wọ́n fi rọ́pò Jarrett. Esterby rọ gọ́ọ̀lù lé e lórí. Márùn-ún sí méjì. Kelmont ti já.

Ta ló kọ́kọ́ pariwo pé "Ó yá, ìgbálẹ̀!" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò pẹ́ rárá, ọkọ̀ ti tò tìrí lójú ọ̀nà Kelmont, họ́ọ̀nù ń dún, oòrùn ṣì wà lókè, ẹrẹ̀ yìnyín tó ń yọ́ ń ta sí wọn lára. Wọ́n gbé Garth sẹ́yìn ọkọ̀ Mitch, wọ́n fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ. Ó ti mu bíà yó, ìyìn sì ti pa á ju bíà lọ.

Iwájú pápá yìnyín Kelmont ni wọ́n dúró sí. Àwọn ará Kelmont tó lọ wo eré lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá ń tú jáde, ojú wọn pọ́n, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Mitch gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ kú àárẹ̀ o, ẹ̀yin ará Kelmont! A wá bá yín gbálẹ̀ ni! A gbọ́ pé òkú wà nílé!"

Ẹrẹ̀ dídì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kọfí gbígbóná bá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọkùnrin arúgbó kan na ìka sí wọn.

"Ẹ̀yin tá a nà lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ta lẹ̀yin borí? Esterby ló nà wá, kì í ṣe ẹ̀yin! Ẹ̀yin ò borí ẹnikẹ́ni!"

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì ta Mitch bí agbọ́n. Àwọn Kelmont ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mitch tún gbé gbohùngbohùn sókè.

"Àwa la nà yín! Àwa la sọ fún Esterby pé ìgbáròkó òsì ni! Ẹ bi Noreen yín léèrè! Ẹnu ẹ̀ ló ti jáde! Òun ló sọ fún Garth, Garth sọ fún wa! Ẹ ṣeun o, Noreen!"

Ẹ̀rín dá. Họ́ọ̀nù dá. Garth gbójú sókè, ó sì rí Noreen.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ ló dúró sí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì de bọ́tìnì kóòtù ẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń sáré lọ. Gbogbo èèyàn ti yíjú sí i.

"Garth?" ló wí.

Orúkọ ẹ̀ nìkan. Garth dúró sókè níbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Lyle ló kọ́kọ́ rìn. Kò lọ bá Garth. Ìyàwó ẹ̀ ló lọ bá.

"Noreen, ìgbáròkó wo?"

"Lyle, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"O mọ̀ pé ọmọ yẹn ń ṣàìsàn? O sì jẹ́ kó wọ pápá?"

"Ó bẹ̀ mí..."

"Ọ̀dàlẹ̀!" Obìnrin kan ló kígbe ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn gbà á. "Ọ̀dàlẹ̀! Ó ta ọmọ ọlọ́mọ!" Ife kọfí kan fò, ó bá Noreen láyà, ó dà sí i lára. Kò nù ún. Ó wọ ọkọ̀ ẹ̀, ó ṣíná sí i, àwọn èèyàn sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu òrùlé ọkọ̀ náà bó ṣe ń kọjá.

Garth bẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ sá tẹ̀ lé e. Lyle fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró láyà.

"Ìwọ, gbé ìgbálẹ̀ ẹ, máa lọ sílé."

Bó ṣe tú síta nìyẹn.

Dókítà Esterby fi Jarrett ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Saskatoon, wọ́n la ìgbáròkó ẹ̀. Ó ń rìn báyìí, àmọ́ aṣọ́lé ni kò tún ní ṣe mọ́ láyé. Yunifásítì yẹn mú ẹlòmíràn. Àwọn kan fi ọ̀dà pupa kọ "Ọ̀DÀLẸ̀" sára ilẹ̀kùn gáréèjì Noreen. Ẹgbẹ́ Kelmont sì ní wọn ò tún ní fi ọmọ kankan wọ̀ sílé ẹ̀ mọ́.

Ní Tarrow ńkọ́? Ọba ni Garth. Wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù fún un lójú pópó, Duane ò gba owó bíà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló tún lọ síbẹ̀. Mitch gbá a lẹ́yìn.

"Kí ló dé tó o fajú ro báyìí? Eré ni, ọkùnrin mi! Eré lásán!"

"Kí ló dé tó o fi dárúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ ta ni?"

"Noreen, Mitch! Noreen! Ìwọ lo sọ pé ta lo fẹ́ sọ fún!"

Mitch tẹjú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì kúrò lójú ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ta ni Noreen sọ pé kó o má sọ fún?"

Garth fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, eyín Mitch kan sì kán. Àmọ́ nígbà tó délé, tó ń fi omi gbígbóná fọ ọwọ́ ẹ̀, ó mọ̀ pé Mitch ló jàre.

Ó wakọ̀ lọ sí Saskatoon. Jarrett wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú irin. Garth bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti tò sílẹ̀ látilé. Ọmọ náà gbọ́ ọ díẹ̀, ó wá dá a lẹ́nu dúró.

"Ẹnì kan fi fídíò báà yín hàn mí, sà. Ìgbà tí mo ṣubú. Ariwo yẹn pọ̀ o."

"Jarrett..."

"Mi ò rí ojú yín nínú ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́?"

Garth lè purọ́. Kò sẹ́ni tó máa já a.

"Mo pàtẹ́wọ́," ló wí.

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni pé ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yíjú sí ògiri. Garth dúró títí nọ́ọ̀sì fi wá ní kó máa lọ.

Ó rò pé ohun kan ṣì kù tóun lè tún ṣe. Ó lọ bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ Kelmont níbi ìpàdé wọn. Verna Stokke, ìyá àgbà kan tó ti ń darí ẹgbẹ́ náà tipẹ́, ló jókòó sáàárín. Garth ṣí fìlà.

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Noreen ò ta ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo tú àṣírí. Ẹ má fìyà èmi jẹ òun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọ̀ sílé ẹ̀."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Wasylenko. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé òun ló sọ fún yín pé ara ọmọ náà ò yá?"

"Òun ni, àmọ́..."

"Kí eré kẹfà, ti ọjọ́ Ẹtì, tó wáyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó mọ̀, ó sì fi pa mọ́ fún kóòṣì àti dókítà wa. Ẹ̀yin fẹnu ara yín sọ ọ́ níbí. Títí di òní, a rò pé bóyá irọ́ ni Mitch yẹn ń pa." Ó di àwọn ìwé tó wà níwájú ẹ̀ pọ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ ti bá wa parí ọ̀rọ̀."

Garth wá láti gbà á là, ó sì tún fẹnu ara ẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Kò rántí bó ṣe wakọ̀ délé lọ́jọ́ náà.

Kò tún sí ìgbà tí Noreen gbé fóònù ẹ̀. Ó lọ sílé ẹ̀, Lyle ló ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó sì rọra tì í padà. Marlys ṣì ń bá Noreen sọ̀rọ̀. Bí Garth bá bi í pé, "Ó béèrè mi?" Marlys á ní, "Rárá."

Nígbà tí wọ́n kórè àlìkámà tán lọ́dún yẹn, ìyá Garth àti Noreen kú ní ilé àwọn àgbàlagbà ní Tarrow. Garth rò pé òun á rí Noreen báyìí, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á jọ sunkún ìyá kan náà. Ó ti múra ohun tó fẹ́ sọ.

Noreen dé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, ó wọ dúdú. Lẹ́yìn ìsìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó dì mọ́ Marlys, ó dì mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyá wọn. Garth tò sórí ìlà bí àlejò. Nígbà tó kàn án, Noreen na ọwọ́ sí i. Ó wò ó lójú tààrà, kò bínú, kò sunkún.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá, sà," ló wí. "Ẹ kú wàhálà."

Ó sì yíjú sí ẹni tó tò sẹ́yìn ẹ̀.